Bí A Ṣe Ń Dá Pèpéle Dúró Lórí Omi

Mo ṣì rántí òórùn ọṣẹ tó wà nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù búlúù tí mo kó jáde ní ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ tí mo ti ń ṣe lébírà ní Ìsọlọ̀. Àwọn ni mo so pákó mọ́, tó di pèpéle tó ń léfòó lórí adágún kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, níbi tí àfẹ́sọ́nà mi ti ń kọ́ eré káìtì. Ìyá rẹ̀ ń ta òkìrìkà ní Bọ́ládé, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn fẹ́ràn omi ju ọjà lọ. Á dúró lórí pátákó pẹlẹbẹ, káìtì ńlá á máa fà á lọ lórí omi, èmi á sì jókòó sórí pèpéle kó lè ríbi sinmi tó bá rẹ̀ ẹ́.

Ẹ má rò pé akin ni mí o. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, omi kànga ni mo mọ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn apẹja ibẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ìdákọ̀ró, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa kí n tó mọ̀ ọ́n. Èmi náà wá gbà pé obìnrin tí èèyàn ṣe irú èyí fún, kò lè níbi tó ń lọ mọ́. Mo gọ̀ nígbà yẹn.

Àwọn èèyàn wa ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kí àwọn òyìnbó kan tó mú un lọ sí ìlú wọn láti máa kọ́ni ní eré náà. Ó ní òun ń bọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń pè mí lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ó di ọdún Iléyá nìkan. Síbẹ̀, mò ń dúró dè é nígbà yẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo wà nínú yàrá mi, ló bá pè. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí kí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó ní. "Ọkọ mi ló fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín. Pèpéle tiwa níbí ń wọ́ kiri. Lánàá, díẹ̀ ló kù kó gbá mi lórí."

Bí mo ṣe gbọ́ pé ó ti lọ́kọ nìyẹn. Ọkùnrin náà ti gba fóònù, ó sì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ṣe mí bíi kí n pa fóònù. Ṣùgbọ́n orí ọmọ yẹn ni pèpéle fẹ́ gbá.

Mo ní kó má ju ìdákọ̀ró sómi lójijì, kó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó jọ pé okùn yín ò gùn tó. Ẹ jẹ́ kó tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi, ó kéré tán. Tó bá kúrú, ìgbì á máa fa ìdákọ̀ró sókè." Mo ní kó so ṣéènì wíwúwo mọ́ ìdákọ̀ró, kó sì má lo okùn tó ń léfòó, kí okùn káìtì má baà há sí i. Mo ní kó wo igi kan àti òpó kan létí omi, tí ọ̀kan wà lẹ́yìn èkejì. Tí wọ́n bá ti yà kúrò ní ọ̀kánkán ara wọn, pèpéle ti ń wọ́ nìyẹn, kí ìyàwó rẹ̀ tètè jìnnà sí i. Ẹnu mi yìí ni mo fi pè é ní ìyàwó rẹ̀. Mo ní kó tún gbogbo rẹ̀ sọ fún mi. Ó gbàgbé ti ṣéènì, mo bá a bẹ̀rẹ̀ látorí.

"Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n wa," ó ní.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo ti níyàwó báyìí, a sì ti bímọ. Ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá ń ja páànù wa ní Ìsọlọ̀, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń fẹ́ ní ìlú òyìnbó, mo ṣì máa ń rò ó pé ṣé ọkùnrin yẹn ń jẹ́ kí okùn ìdákọ̀ró náà gùn tó.