Maṣíìnì Tí Ìjọba Fún Màámi

Bí mo bá ti gbóòórùn epo maṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ èyíkéyìí, orúnkún mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Àwọn ará káńsù ló gbé maṣíìnì ìránṣọ wá sílé wa n'Íjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún àwọn akanda ẹ̀dá ni. Wọ́n ya Màámi ní fọ́tò títí. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Maṣíìnì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ Màámi méjèèjì láti kékeré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi ni mo kúnlẹ̀ sábẹ́ maṣíìnì náà, tí mò ń fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà. Irin ń ha mí léjìká, mo sì ń gbọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń fò súwẹ̀ lójúde.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé Màámi ti bẹ àwọn ará káńsù fún èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, wọ́n ní kó má ṣe ya aláìmoore.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo yọrí síta lábẹ́ maṣíìnì. "Màámi, ìgbà wo ni ìjọba máa wá gbé e lọ?"

Ó wo ọwọ́ mi tí epo ti sọ di dúdú.

"Wọ́n ti fún wa pátápátá ni," ló wí. "Padà sábẹ́ ẹ̀."