Ibi tí Wáyà Ti Yà

Ilẹ̀ ń ké. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí lẹ́nu mi máa ń wo ojú mi bóyá ara mi dá, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ibẹ̀ ni mo sì ti ń jẹun. Kí wọ́n tó fẹ títì, kí katapílà tó ki eyín bọ ilẹ̀, àwa la máa ń kọ́kọ́ dé, láti wá gbogbo ohun tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀: páìpù omi, wáyà iná, wáyà tẹlifóònù. A ó so àpótí kan mọ́ wáyà níbi tó ti yọ orí sókè, àpótí náà á sì máa rán ohùn gba inú rẹ̀ lọ. Èmi á mú ọ̀pá ẹ̀rọ dání, màá fi hẹ́dífóònù bo etí, màá máa rìn. Bí mo bá wà lórí wáyà gan-an, ohùn náà á ké kíkankíkan. Bí mo bá yà kúrò níbẹ̀, á rọlẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, láàárín títì ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo fò sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Títí di òní, bí mo bá ti gbé hẹ́dífóònù náà bo etí, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì.

Títì kan ni wọ́n fẹ́ fẹ̀ nígbà náà lápá Ìgándò. Èmi àti ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin gíga kan tí ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀, dé òpópónà kan tó ya wọlé láti ara títì náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ará òpópónà yìí ló fúnra wọn ra wáyà tó ń gbé iná wá bá wọn láti ìdí tiransifọ́mà. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ kí àwọn olè má baà gé e. Kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n kó fún wa rárá. Bí katapílà bá já a, òkùnkùn biribiri ni wọn yóò padà sí, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ká gbogbo ilé, kò sì sí ẹni tó máa bá wọn ra òmíràn, torí ta ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ará òpópónà kan tó sọ̀rọ̀ wáyà náà fún wa ṣí ọgbà tiransifọ́mà, a so àpótí wa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wáyà náà ń lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ọmọlúàbí. Àfi bó ṣe dé iwájú ilé kan tó ní géètì funfun, ló bá yà bàrá sí apá ibi tí títì tuntun máa gbà, ó lọ yípo nǹkan tí ojú mi ò rí, ó tún padà sí ọ̀nà rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rọ ń parọ́ fún mi. Mo padà sẹ́yìn, mo tún un rìn, bákan náà ni. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni mò ń wò, kò sí òkúta, kò sí kòtò, kò sí ohunkóhun tí wáyà ní láti sá fún níbẹ̀. Inú mi dùn kọjá ààlà, nítorí ibi tó yà yẹn gan-an ni katapílà ì bá ti kọ́kọ́ bù jẹ. Mo mú ọ̀dà pupa, mo fa ìlà lé ipa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí pupa ni àmì wáyà iná nínú iṣẹ́ wa. Níbi tó yà, mo fa ìlà méjì dábùú ara wọn, gàdàgbà-gadagba, kí awakọ̀ katapílà má baà sọ pé òun ò rí i. Mo gba ilé mi lọ ní Bàrúwà, mo sùn fọnfọn.

Nígbà tí a padà débẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, gbogbo òpópónà ló wà níta, lọ́kùnrin lóbìnrin. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà. Ọṣẹ ni, kẹrosíìnì ni, búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ni, wọ́n ń fọ ilẹ̀! Pupa mi ti lọ. Ìlà dábùú mi ti di omi àwẹ̀dànù. Mi ò fẹ́ parọ́, mo bú sí igbe. Mo ní, "Ta ló ní kí ẹ pa á rẹ́? Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó rí i ni?"

Ìyá àgbàlagbà kan dìde, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. Òun ló ni géètì funfun yẹn. Ọmọ onílẹ̀ àdúgbò náà ni, òun sì ni alága àwọn onílé. Àlàájà ni gbogbo wọn ń pè é.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo wá fi ọ̀dà pupa kun iwájú ilé mi?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"O ò tiẹ̀ jiyàn! Bí wọ́n ṣe fa pupa sí ilé àbúrò mi náà nìyẹn. Wọ́n ní àwọn kàn ń wọn ilẹ̀ ni. Kò pẹ́, wọ́n wó o palẹ̀. Kí èmi wá máa wò ẹ́ níran, àbí?"

Ìlú yìí ṣá ni wọ́n bí mi sí! Ta ni ò mọ̀ pé bí ìlà pupa dábùú bá ti kan ilé ní Èkó, ẹrù ló kù kí onílé máa dì? Ohun tí wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́ ni mo ṣe, wọ́n sì ka ohun tí ojú wọn ti rí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, ibẹ̀ náà la wà tí a gbọ́ ìró katapílà láti ìkóríta. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ló sì kọjú sí.

Ká tún wáyà náà wá ló kù, kò sì sí iná nínú rẹ̀ láti àná, torí náà kò lè ké fúnra rẹ̀. Àfi ká tún so àpótí wa mọ́ ọn nínú ọgbà irin tí wọ́n fi yí tiransifọ́mà ká. Ẹni tó ṣí i fún wa lánàá ti lọ sí ibi iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wà létí ìró Àlàájà, ó so ó ní kókó, ó sì ní kò ní kúrò níbẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ pé wáyà yín là ń gbà là, kì í ṣe ilé yín là ń wó. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"Ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ó ń rí inú ilẹ̀ lóòótọ́?"

"Kì í ríran, mà. Ó ń gbọ́ràn ni."

"Ó dáa. Páìpù irin kan ń gbé omi wá sí ilé ìdáná mi, ó ti bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà. Wọ́n ti gbẹ́ ọgbà mi títí, ó ti dà bí oko iṣu. Wá a fún mi. Tó o bá rí i, a jọ máa sọ̀rọ̀."

Mo ní tìrẹ lọ̀ràn, ìyá yìí! Inú mi ni mo ti sọ ọ́ o. Ẹnìkejì mi so àpótí mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, èmi sì bọ hẹ́dífóònù lé Àlàájà lórí ìborí rẹ̀. Mo fi ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ojú rẹ̀ yọ.

"Háà! Ó ń ké!"

Ó yà sí òsì. "Ó ti dákẹ́." Ó yà sí ọ̀tún. "Ó tún ti ń ké, ẹ̀yin èèyàn, ó tún ti ń ké!" Bí ìyá yìí ṣe kó eré sẹ́yìn ilé nìyẹn. Ó tẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn, àwa náà ń sáré tẹ̀ lé e. Ìdí ilé adìẹ ni ohùn náà wọ̀ lọ. Àlàájà pa àtẹ́wọ́. "Abájọ! Ibi tí adìẹ ń sùn nìkan ni ẹnikẹ́ni ò gbẹ́!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó tú kókó etí ìró, ó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí mi.

"Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Kò sí pupa mọ́ lórí ilẹ̀ yìí. Kò sí ọ̀dà kankan."

Ọ̀dà ò tiẹ̀ lè mú lórí kẹrosíìnì tí wọ́n dà sílẹ̀. Kí ni awakọ̀ katapílà fẹ́ wò? Àlàájà yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní kí oníkálukú wọlé lọ gbé ohun tó bá ní jáde.

Irú ọjọ́ yẹn ni mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Mo ń rìn, ohùn ń ké létí mi, èmi náà ń ké, "Ibí!" Wọ́n á gbé korobá síbẹ̀. "Ibí!" Ògbólógbòó táyà. "Ibí!" Odó, àpótí ìjókòó, abọ́ ìfọṣọ, ìkòkò òdòdó. Díákónì kan gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ jáde, ó gbé e kalẹ̀ lórí wáyà, ó ní bí katapílà bá máa jẹ nǹkan dandan, kó jẹ ìyẹn, òun ti sin ín tó. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Báyìí la ṣe to ẹrù ilé títí a fi dé iwájú géètì funfun.

Mo ní, "Ibí ló ti yà."

Àlàájà wo ibi tí mò ń tọ́ka sí. Lójijì ló gbá itan.

"Agbálùmọ̀!"

Igi agbálùmọ̀ kan ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rì wáyà yẹn. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ fẹ́ gé gbòǹgbò rẹ̀, ni ọkọ Àlàájà bá gbé bùtá àlùwàlá rẹ̀, ó lọ jókòó sí ìdí igi, ó ní ẹni tó bá máa gé e kó kọ́kọ́ gé ẹsẹ̀ òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò dìde. Ni wọ́n bá gbẹ́lẹ̀ yí òun àti igi rẹ̀ po. Bàbá náà ti kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjì wó igi, wọ́n hú kùkùté, wọ́n fi yanrìn dí ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kúrò lọ́kàn wọn.

Àlàájà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé korobá síbẹ̀. Àpótí ìjókòó tirẹ̀ ló gbé wá, ó fi ìdí lé e.

Katapílà dé. Awakọ̀ rẹ̀ rí korobá, ó rí odó, ó rí ìyá arúgbó láàárín ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì. "Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé ọjà lẹ fẹ́ ná níbí ni?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó wo ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó wo èmi náà, mo sì rí i pé kò gbà mí gbọ́. Bí ẹ̀rọ bá ṣì mí lọ́nà, ojú èmi àti Àlàájà ló máa tì jù. Wọ́n fi ṣọ́bìrì gbẹ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí Àlàájà jókòó lé, torí ó kọ̀ láti dìde. Yanrìn ni, yanrìn ni, kò sí nǹkan. Nígbà tó yá, ṣọ́bìrì kan bíríkì. Wọ́n gbé bíríkì kúrò. Wáyà dúdú náà rèé, ó nípọn, ara rẹ̀ pé, ó tẹ̀ kọdọrọ bó ṣe yà! Mo kígbe. Òpópónà kígbe. Ẹnìkejì mi tí ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí ìlù. Awakọ̀ sì fi katapílà rẹ̀ gba ọ̀nà míì, kò kan korobá kan, àwọn tó ń ṣe títì sì gbà pé àwọn máa gbé wáyà náà sí ẹ̀bá títì tuntun kí wọ́n tó da ọ̀dà sójú títì.

Ìrọ̀lẹ́ ni iná dé. Àwọn ọmọdé pariwo, fáàǹù ń yí, tẹlifíṣàn ń sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé. A ti kó ẹ̀rọ sínú mọ́tò nígbà tí Àlàájà di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé wáyà yẹn á ṣì máa ké?"

"Iná ti wà nínú rẹ̀ báyìí, mà. Á ké fúnra rẹ̀."

Mo tún bọ hẹ́dífóònù náà lé e lórí. Kò lọ sí ibòmíràn ju ibi tí wáyà ti yà lọ. Ó tẹ̀ lé ohùn náà, ó ń rọra yípo ibi tí kò sí igi mọ́, títí ó fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró, ó dorí kodò. Ẹni tó bá fi hẹ́dífóònù dí etí kì í mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè tó. Ó rò pé òun rọra sọ ọ́ ni, àmọ́ gbogbo òpópónà ló gbọ́.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, wọn ò gé e o."