Nígbà Tí Mo Di Dókítà Ọkọ Mi

Ogójì ọjọ́ ti pé tí mo bí Rahmat kí ọkọ mi tó sún mọ́ mi. Ojú ibi tí wọ́n rán ti jinná, èmi náà sì ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bó ṣe kàn mí báyìí, ara mi pa dé, ó ta mí bí ìgbà tí ata kan egbò. Mo rò pé ìrora náà yóò lọ. Kò lọ.

Mo wá ṣe àṣìṣe táwọn obìnrin Sókótó, níbi tí à ń gbé, máa ń ṣe. Mo ra maganin mata ládùúgbò Tudun Wada, oògùn tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí obìnrin dùn lọ́dọ̀ ọkọ. Ṣe ló bó mi lára. Ọmọ Ìlọrin ni mí, wọn ò kọ́ mi láti sọ fún ọkọ pé ó tó. Mo ń di eyín pọ̀ ni, ẹ̀rù sì ń bà mí pé yóò fẹ́ ẹlòmíràn.

Lóṣù keje tí mo bímọ, mo lọ sí ọsibítù. Mo jókòó láàárín àwọn aboyún láti àárọ̀ títí wọ́n fi kírun ọ̀sán, ojú ń tì mí. Dókítà, obìnrin bíi tèmi, ṣàlàyé pé iṣan ojú ara ló ń fún pọ̀ fúnra rẹ̀, torí ó ti ń retí ìrora. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa mí, tí màá máa dẹ iṣan náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní nílé, bí ọkọ mi bá sún mọ́ mi, èmi ni kí n máa pàṣẹ.

Kí n pàṣẹ fún Bàbá Rahmat kẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún.

Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní bí ìyàwó ò bá lè pàṣẹ, dókítà lè pàṣẹ. Ó wọ jàlàbíà funfun rẹ̀ fún mi, ó fi jígí rẹ̀ sí mi lójú, ó sì lọ jókòó síta lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá bí aláìsàn.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ara mi ò yá."

Mo pè é wọlé. Mo ní kó ṣí fìlà, kó kúnlẹ̀, kó má fọwọ́ kan dókítà láìgbàṣẹ. Ọkùnrin tí gbogbo ìsọ̀ ń bẹ̀rù lọ́jà kúnlẹ̀ sórí ẹní! Nígbà tí mo fi ìbòrí mi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní àìsàn òun ti ń le sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí èjìká mi fi rọ̀.

Bá a ṣe ń ṣe nìyẹn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí Rahmat bá wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Gagi. Ní Jímọ̀ mìíràn màá ní ó tó, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, yóò lọ gbé tíì kaná. Ó yà mí lẹ́nu pé kì í bínú.

Lóṣù kẹta tá a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo retí ìrora, kò wá. Omi bọ́ lójú mi. Ọkọ mi rí i, ó sì dúró gbagidi.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dúró?" ni dókítà wí.

Subuhanallah. Ìgbà tí mò ń bú ara mi pé ó dalẹ̀ mi, ẹ̀ṣọ́ mi ló ń ṣe. Ìwọ tó ń di eyín pọ̀ bíi tèmi, sọ ọ́ síta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ara tó gbọ́n báyìí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara náà.