Kòtò Ibi Ìsọdá ní Odò Alápárun

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, Ìtẹ̀lé kò tíì di ìlú tí ilé fún mọ́ra bíi tòní. Ilé Ìyá Onílé, níbi tí àwọn òbí mi háyà yàrá kan sí, ló kẹ́yìn ní àdúgbò wa. Lẹ́yìn rẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ pupa ni títí dé odò. Odò Alápárun là ń pè é, nítorí apárun tó hù bo etí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ tó mi lọ́jọ́ orí, tí ẹ dàgbà lápá ibẹ̀, ẹ ó rántí bí a ti máa ń jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ, tí a ó fi yọ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, tí ìdí ṣòkòtò á ya, tí a ó sì máa fi ẹ̀yìn rìn wọlé kí ìyá wa má baà rí i. Màámi máa ń rí i náà. Màá kúnlẹ̀, màá nawọ́ sókè, títí ọbẹ̀ gbúre tó ń hó lórí iná yóò fi jinná, òórùn irú á sì máa dà mí láàmú.

Erékùṣù kékeré kan wà láàárín odò yẹn. Omi pín sí méjì, ó gba ọ̀tún, ó gba òsì, ó fi ilẹ̀ dúdú kan sílẹ̀ láàárín tí kò ju àyè ilé mẹ́fà lọ. Ìyá Onílé ló ń dáko níbẹ̀. Opó ni, ọmọ bíbí Ìtẹ̀lé, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó gbin kókò, ó gbin gbúre, ó gbin ìrèké tí adùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi di bí mo ti ń sọ yìí. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé e lọ. Kò sí afárá. Ibi ìsọdá kan ṣoṣo ló wà, yanrìn funfun tó le, tí omi kì í kọjá orúnkún àgbà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tó rí kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ejò. Ìyá Onílé á gbé agbọ̀n rù, á síwájú, á ní, "Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí o tẹ̀. Láti ẹ̀yìn ìyá mi ni mo ti ń sọdá odò yìí."

Ìkìrun ni Bàámi ti wá, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ti máa ń gbé e. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n lé òṣìṣẹ́ púpọ̀ kúrò, Bàámi sì wà nínú wọn. Òkèlè wa bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, ẹja náà tẹ̀ lé e. Ìyá Onílé kò lé wa síta. Ńṣe ló ń gbé kókò wá fún Màámi, á ní òun ló gbìn jù. Nígbà tó ṣe, Bàámi dara pọ̀ mọ́ àwọn awayanrìn. Wọ́n á gbé ọkọ̀ ojú omi jáde, wọ́n á mú bọ́kẹ́ẹ̀tì rì sísàlẹ̀ odò, wọ́n á kó yanrìn wá sókè fún típà tó ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ á ti pọ́n bí ata.

Ìyá Onílé kò ní kí wọ́n má wa yanrìn. Ó kàn lọ bá wọn létí odò, ó ní, "Ẹ máa wà á nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ má dé ibi ìsọdá mi o. Ilẹ̀ tí mò ń tẹ̀ nìyẹn." Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan nígbà òjò, Màámi ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún Bàámi, gààrí rírẹ pẹ̀lú ẹ̀pà. Àárín ibi ìsọdá gan-an ni mo ti bá a. Yanrìn ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ti ń tán, típà sì ń dúró. Ó yọ orí jáde láti inú omi, ó rí mi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Àbẹ̀ní, má sọ fún Ìyá Onílé o. Èmi fúnra mi á bá a sọ ọ́ tí mo bá délé."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Kò bá a sọ ọ́. Bóyá ìtìjú ni, bóyá àárẹ̀ ni. Ó jẹun, ó sùn.

Òjò rọ̀ di ìdájí. Nígbà tí Ìyá Onílé pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, odò ti pọ́n bí omi amọ̀, kò sẹ́ni tó lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi láti orí òkè títí a fi dé etí omi. Ṣùgbọ́n Bàámi ti ní kí n má sọ, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ sí wa létí láti kékeré pé ọmọ tó bá tú àṣírí ilé, ìta ni yóò sùn.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká padà."

"Kí ló dé?"

"Omi ti pọ̀ jù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tó ju èyí lọ, mo ti sọdá rẹ̀. Tẹ̀ lé mi."

Ìgbésẹ̀ márùn-ún ló gbé. Ní ẹ̀kẹfà, n kò rí i mọ́. Agbọ̀n rẹ̀ nìkan ló kù lójú omi, tó ń yí po. Kò pariwo. Èmi ni mo pariwo.

Bàámi sáré dé láti ilé. Kò bi mí ní ibi tó wà. Ó bẹ́ sínú omi tààrà, ó rì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì rì kó tó gbé e jáde. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín, nítorí mùsùlùmí ni. Bọ̀dá Wàsíù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀ ní Ojú Ọrẹ, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàámi, ó ń dúpẹ́ pé odò kò gbé òkú ìyá òun lọ. Bàámi kò lè wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ebi tún tì í padà sínú odò. Màámi kò fi oúnjẹ rán mi sí i mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Kò bi mí ní nǹkan kan, èmi náà kò sì sọ nǹkan kan.

Bàámi ti darúgbó báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, ó ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Wàsíù. Ó ní, "N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ odò yẹn wọ sàréè." Nígbà tí a débẹ̀, Bàámi, àgbàlagbà bó ti tó yẹn, kúnlẹ̀ fún ẹni tó tó bí lọ́mọ.

"Wàsíù, èmi ni mo gbẹ́ kòtò tó pa ìyá rẹ."

Bọ̀dá Wàsíù dá a lóhùn. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. "Bàbá Àbẹ̀ní, mo ti mọ̀, kò pẹ́ lẹ́yìn tí a sin ín. Wọ́n ní odò pọ́n, ẹ sì bẹ́ lọ bá a tààrà. Ta ló lè mọ ibi tí kòtò wà, bí kò ṣe ẹni tó gbẹ́ ẹ? Ẹ̀yin ni mò ń retí láti ọjọ́ yìí."

Mo ní, "Bọ̀dá, èmi náà mọ̀ kó tó wọ inú omi."

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn." Kò sọ pé òun dárí jì wá. Ó bu omi fún wa, a mu ún, a dìde.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá dé Alápárun lónìí, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n. Erékùṣù ti lọ. Wọ́n wa yanrìn abẹ́ rẹ̀ tán, òjò gbé ìyókù. Omi ńlá kan ló kù, tí ojúoró bò lójú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a fi ń ṣeré ti di ọ̀gbun, ó sì ti ń jẹ ìpìlẹ̀ ilé àwọn tó kọ́lé sí etí rẹ̀. Nígbà tiwa, ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ ibi tí odò jìn àti ibi tí kò jìn, ó sì mọ bí a ti ń pa ẹnu mọ́. Àwọn ọmọ tèmi kò mọ odò, omi ẹ̀rọ ni wọ́n mọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì rí, wọ́n á sọ ọ́, wọn ì báà rí i lọ́wọ́ àgbà, wọn ì báà rí i lọ́wọ́ èmi gan-an. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé mo ti bà wọ́n jẹ́, pé ẹnu wọn ti pọ̀ jù.

N kò bá àwọn ọmọ mi wí.