Epo Tí Ẹ̀gbọ́n Fi Fọ Kàbúrétọ̀

Bí Mákìími bá fajú ro sí omi, ẹja inú rẹ̀ á kó ẹrù lọ síbòmíràn. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe létí èbúté. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ náà, nítorí ẹni tó bá kí i pé "ẹ kú iṣẹ́" á gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ ò ní gbàgbé. Mo ti rí i tó ń bá òjìji ara rẹ̀ jà pé ó dí òun lọ́nà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá a fà á: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń fi ọkọ̀ kékeré kan kó èrò sọdá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin náà ju kàbúrétọ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀ lépo sórí tábìlì Mákìími gbì.

"Tún un ṣe. Tí ẹ́ńjìnì mi bá tún kú lójú àwọn alábẹ̀wò ọkọ̀ lónìí, wọ́n á gba àyè mi ní èbúté fún ẹlòmíràn."

Mákìími tú abọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nǹkan dúdú kan ń yọ jáde, ó ki bí ẹrẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi fọ nǹkan yìí?"

"Epo. Ṣebí ìwọ lo sọ lórí fóònù lánàá pé, 'Ẹ fi epo fọ̀ ọ́,' lo bá pa fóònù mọ́ mi létí."

"Pẹtiróòlù ni mo wí! Ẹ wá lọ da epo ẹ́ńjìnì sí i? Orí yín ò pé!"

"Ṣé epo ẹ́ńjìnì kì í ṣe epo ni? Ká ní òkúta ni ìyá wa bí lé mi, ǹ bá rí nǹkan fi dá ọkọ̀ dúró."

Èébú Mákìími kì í gbàgbé ọ̀wọ̀. Bó bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ewúrẹ́, ewúrẹ́ tó jù ú lọ́jọ́ orí ni.

Ó bu pẹtiróòlù sínú ike, ó ri kàbúrétọ̀ náà sínú rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbo ó. Ihò tí epo ń gbà kọjá kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ó fi wáyà tín-ín-rín tọ́ ọ, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó gbé e sókè sí oòrùn. Kò rí ìmọ́lẹ̀. Ó ṣépè fún un, ó tún fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú bíi bọ́ọ̀lù. Oòrùn bá yọjú nínú ihò náà.

Wọ́n dè é padà mọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n fa okùn. Ẹ́ńjìnì húkọ́, ó tu èéfín, ó dákẹ́. Àwọn alábẹ̀wò sì ti ń bọ̀ lórí pákó èbúté.

"O ti pa mí!"

"Ìdọ̀tí tí ẹ dà sí i ló ń jóná. Ẹ tún un fà, ẹ yé ké bí ọmọ ọwọ́!"

Ẹ̀gbọ́n fa okùn náà bí ẹni pé ọrùn àbúrò rẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnì bú ramúramù.

"Dín in kù," ni alábẹ̀wò kan wí. Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń kú. Ẹ̀gbọ́n dín in kù. Ẹ́ńjìnì ń ró pẹ̀lẹ́, kò kú. Alábẹ̀wò mi orí pé ó dára, ó kọjá sí ọkọ̀ kejì.

"Àyè mi ṣì wà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, pẹtiróòlù ni kó o pè é, aláìlẹ́nu!"

Ó yí ọkọ̀ po lójijì, omi sì da bo Mákìími látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Kò rí tiwọn rò. Ó ń sáré létí omi, ó ń pariwo:

"Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin òǹrorò yìí! Kò tíì gbóná!"