Ṣájà Lutfor

Bí ẹ bá fẹ́ bí Lutfor nínú ní ìlú Khulna, ní Bangladesh, ẹ gbé ṣájà tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù dé iwájú rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe tirẹ̀. Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú okùn íńtánẹ́ẹ̀tì: mẹ́rin ń ṣiṣẹ́, mẹ́rin ń sùn. Lutfor a so àwọn tó ń sùn mọ́ ṣájà àlòkù, iná a sì gba ibẹ̀ láti inú ilé lọ bá àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lórí òpó. Gbogbo ilé ló ṣe é fún, ṣùgbọ́n bí ilé kan bá tan tirẹ̀, ó tó gbogbo àdúgbò; bí kò bá sí ẹni tó tàn án, bátìrì kékeré inú àpótí a tán, íńtánẹ́ẹ̀tì a sì kú. Nítorí náà, olúkúlùkù ń yọ tirẹ̀, ó ń retí ti aládùúgbò. Àwọn èèyàn náà mà láhun o!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n so yìgì Parul, ọmọ Lutfor, Kuwait ni ọkọ wà, ojú fóònù ni wọ́n ti ń rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ sọ pé "kobul", ìyẹn ni pé òun gbà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó la ẹnu, àwòrán bá dúró gbagidi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ dìde. "Bí yìgì yìí kò bá so lónìí, Ọlọ́run ò fọwọ́ sí i nìyẹn. A ń lọ sílé."

Lutfor kọjú sí àwọn aládùúgbò tó ń jẹ ìrẹsì biryani lágbàlá rẹ̀, ó pe Jorina, tí gbogbo wọn ń pè ní Khala, ìyẹn àǹtí. "Khala Jorina! Ṣé ẹ tan ṣájà yín?"

"Èmi kẹ̀? Ṣebí ilé ìyàwó ló yẹ kó tàn án! Mo ti ilẹ̀kùn mi pa."

"Ẹ lọ ṣí i! Ahun!"

Khala Jorina bẹ̀rẹ̀ sí í tú kọ́kọ́rọ́ tó dì sétí aṣọ sárì rẹ̀. Kókó náà le. Lutfor sáré wọ yàrá, ó sì bá ṣájà tirẹ̀ nílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ láàárọ̀, kó lè ráyè ki iná aláràbarà tó fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ bọ ihò iná. Ó fa ti iná aláràbarà yọ, ó ki ṣájà bọ ihò náà.

"Kobul!" ni ọkọ kígbe láti Kuwait. Ariwo ayọ̀ sọ.

Lutfor jáde, ó gbé àyà síwájú. "Àdúgbò burúkú! Iná ẹlòmíì lẹ fi ń ṣayé!"

"Abba," Parul sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ ìbòjú pupa, "iná aláràbarà ara ilé wa ti kú o."

Khala Jorina wo ara ilé, ó wo Lutfor, ó sì tún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dì sétí sárì.