Ọmọbìnrin tí Hilda Wragg Kò Jẹ́ Kó Kú

Nínú gbogbo ìwé tí Hilda Wragg kọ, ọmọbìnrin kan máa ń ṣàìsàn, àmọ́ kì í kú. Ogun lè jó ìlú, wọ́n lè bẹ́ orí ọba, ọmọ onírun pupa yẹn á sáà dìde lórí ẹní, á ní kí wọ́n fún òun lómi mu. Èmi tí ilé mi kọjú sí tirẹ̀ ní Thornlow, lórí òkè Derbyshire, ni mo máa ń kọ́kọ́ kà á, mo sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àǹtí Hilda, ọmọ yìí mà lágídí o. Àbí ikú ń bẹ̀rù ẹ̀ ni?"

"Ṣé owó ẹ ni mo fi ń tọ́jú ẹ̀?" Á sì bu tíì kún ife mi.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Connie àbúrò rẹ̀ ni onírun pupa náà. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí àìsàn ọ̀fun mú Connie, wọ́n sáré gbé Hilda lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá wọn ní Buxton, kó má baà ràn án. Nígbà tó fi máa padà wálé, ibùsùn kan ṣoṣo ló kù nínú yàrá. Kò rí òkú, kò rí ìsìnkú. Àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù. Lójú Hilda, Connie nù ni. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó jókòó ti ẹ̀rọ táìpù lẹ́bàá fèrèsé, ó ń kọ ìtàn ayé àtijọ́, ó sì ń wá a kiri nínú rẹ̀ láti ayé ọba kan dé òmíràn. Ìwé rẹ̀ tà dé Lọ́ńdọ̀n. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lórí pápá nínú kùrukùru òwúrọ̀, á máa bá àwọn ará àtijọ́ inú ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́ ètè, á kí mi bí ẹni pé èmi gan-an ti kú láti ayébáyé.

Ìwé ìkẹyìn ló wá dí i lọ́nà. Ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ Thornlow láyé àtijọ́ ló fẹ́ kọ, Alice ọmọ kékeré tó kú lọ́dún náà sì ní òkúta sàréè nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n kọ ikú rẹ̀ sí. Gbogbo wa la mọ òkúta náà. Ní gbogbo ìgbà òtútù, n kò gbọ́ ìró táìpù.

"Mi ò lè pa á," ló sọ fún mi. "Tí mi ò bá sì pa á, irọ́ ni ìwé yẹn."

Ó ti rù. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Oòrùn padà dé, àsìkò tí a ń fi òdòdó ṣe kànga abúlé lọ́ṣọ̀ọ́. Jabez Furniss, àgbà tó ń darí iṣẹ́ náà, fẹsẹ̀ po amọ̀, a tẹ́ ẹ sórí pákó láti fi òdòdó ya àwòrán lé e lórí. Ó ní Alice la máa yà lọ́dún yìí, kí Hilda wá to irun rẹ̀. Hilda ń fi ewé òdòdó pupa tẹ amọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń gun ìdí èkejì bíi páánù òrùlé. Nígbà tó ṣe tán, Connie ló ń wò wá látorí pákó. A gbé e dúró sẹ́yìn kànga, àlùfáà súre, omi ìsun kànga ń ṣàn lọ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ náà, jẹ́ẹ́ bí èémí ẹni tó ń sùn.

Kò pẹ́ tí oòrùn fi mú un. Irun náà gbẹ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ súnkì. Jabez mú ọ̀bẹ láti họ ọ́ kúrò, bí a ti máa ń ṣe.

"Jabez, fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i."

"Òdòdó ni, Hilda. Ó ti rọ."

"Mo rí i."

"Tá ò bá họ ọ́, ibo la fẹ́ gbé tàmọ́dún sí?"

Hilda nawọ́. "Gbé ọ̀bẹ yẹn wá. Wọn ò tún ní mú un lọ lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀kejì."

Ó họ ẹsẹ̀, ó họ aṣọ, ó wá fi ojú ṣe ìgbẹ̀yìn. Ó ń sunkún, a ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Kí n tó délé, mo ti ń gbọ́ táìpù.

Nígbà tí ìwé náà jáde, ibi tí Alice ti kú ni mo kọ́kọ́ wá. Ó kú lóòótọ́, bí òkúta ṣe wí. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ọwọ́ náà fi tutù. Òkúta kò sọ pé Alice ní ẹ̀gbọ́n. Mo pa ìwé dé, mo sọdá títì lọ mu tíì lọ́dọ̀ Àǹtí Hilda, n kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.